Ohun tí ọba Sípéènì kò lè dá ṣe: ìdáhùn lórí agbára Felipe Kejì

Òǹkàwé wa kan kọ ìbéèrè ránṣẹ́, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ó ní òun ti kà pé Felipe Kejì, tó jọba ní Sípéènì láti 1556 títí di 1598, ni ọba tó lágbára jù lọ ní Yúróòpù láyé ìgbà yẹn, pé inú yàrá kan ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé ìjọba láàárọ̀ dalẹ́, tí yóò sì ti ibẹ̀ pàṣẹ fún Ítálì, Nẹ́dálándì, Mẹ́síkò àti Perú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ohun tó bá ti wu irú ọba bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, àbí ẹnì kan wà, tàbí nǹkan kan wà, tó lè dá a lọ́wọ́ kọ́?

Àwa Yorùbá ń pe ọba ní kábíyèsí, a sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè bi í pé kí ló dé tó fi ṣe báyìí. Bí a bá fi orúkọ yìí wo Felipe, apá kan yóò bá a mu, apá kejì kò ní bá a mu rárá. Ó bá a mu ní ti pé kò sí ìgbìmọ̀ tàbí ilé ẹjọ́ kankan ní Sípéènì tó ní àṣẹ láti rọ̀ ọ́ lóyè tàbí láti fi ìyà jẹ ẹ́. Kò bá a mu ní ti pé, láti ọdún dé ọdún, àwọn adájọ́, àwọn aṣojú ìlú, àwọn olówó ilẹ̀ Genoa ní Ítálì tó ń yá a lówó, Póòpù ní Róòmù, àti àwọn ajẹ́lẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ń sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tó pa láṣẹ kò ṣeé ṣe, tàbí pé kò ṣeé ṣe lọ́nà tó gbà pa á láṣẹ. Lójú tèmi, ohun méjì ló so ọwọ́ rẹ̀ jù lọ: ìbúra tí òun àti àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣe fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti gbèsè tó jẹ.

Ìbúra yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí pé ní ti òfin, kò sí ìjọba kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Sípéènì nígbà náà. Ìwé àṣẹ Felipe máa ń to oyè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka oríkì: ọba Castilla, ọba León, ọba Aragón, ọba Navarra, ọba Granada, ọba Valencia, ó sì tún ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí oyè àwọn ilẹ̀ tí kò ti jẹ́ ọba, bíi Brabant, ẹkùn kan ní Nẹ́dálándì, níbi tó ti jẹ́ olórí tí wọ́n ń pè ní Duke. Oyè kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, owó òde tirẹ̀, ilé ẹjọ́ tirẹ̀ àti ìbúra tirẹ̀. Ohun tí ọba lè ṣe ní Castilla lónìí lè jẹ́ èèwọ̀ fún un ní Aragón lọ́la, bẹ́ẹ̀ odi kan kò sí láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Ní Brabant, ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ti ṣe láti 1356 sọ pé bí olórí wọn bá da májẹ̀mú, àwọn ará ilẹ̀ náà lè dáwọ́ ìgbọràn dúró títí tí yóò fi tún un ṣe. Felipe sì ti búra fún wọn ní 1549, nígbà tó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ. Nígbà tí oyè Pọ́túgàl ṣófo ní 1580, ọmọ ogun rẹ̀ ló wọ Lisbon, kò sì sí ẹni tó lágbára láti lé wọn jáde. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn aṣojú Pọ́túgàl pé jọ ní ìlú Tomar ní oṣù kẹrin 1581, ọba tó ti fi ogun ṣẹ́gun náà dìde, ó búra pé àwọn ọmọ Pọ́túgàl ni yóò máa di ipò ìjọba mú níbẹ̀, àti pé òfin wọn yóò wà bó ti wà. Ó mọ̀ pé ogun lè gba ìlú, àmọ́ kí wọ́n tó lè pe òun ní ọba, àfi kí òun búra.

Báwo wá ni ẹnì kan ṣe ń ṣe ìjọba lórí gbogbo rẹ̀? Carlos, baba rẹ̀, fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú. Felipe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1561 ó mú ààfin jókòó sí Madrid. Ní 1563 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ El Escorial, ilé ńlá tó jẹ́ ààfin, ilé àwọn àlùfáà, àti ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1584. Àwọn ìgbìmọ̀ ló ń bá a ṣe ìjọba. Ìgbìmọ̀ wà fún Castilla, fún Aragón, fún Ítálì, fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun ní Amẹ́ríkà láti 1524, àti fún Pọ́túgàl láti 1582. Àwọn mìíràn wà fún ogun, fún owó, àti fún Inquisición, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn amòfin tó jáde ní yunifásítì, bíi ti Salamanca àti Valladolid, ló pọ̀ jù nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ètò ìdájọ́ àti ìlú. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí ilé wọn ti lókìkí láti ayébáyé ni Felipe ń fún ní iṣẹ́ ogun àti iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ á jókòó, ọba kì í sábà sí láàárín wọn. Wọn á jíròrò ọ̀rọ̀ kan, bóyá ẹni tí ó yẹ kí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú kan ní Mẹ́síkò, akọ̀wé á sì kọ èrò wọn sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní consulta. Á kọ ohun tí àwọn tó pọ̀ jù sọ, á sì kọ ohun tí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wọn sọ, nítorí ọba fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó dá yàtọ̀. Á fi àlàfo fífẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ìwé náà. Ti ọba ni àlàfo yẹn. Bí ìwé bá dé iwájú Felipe, á mú gègé, á kọ èsì sínú àlàfo náà, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pé kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti wí, nígbà mìíràn ìlà lórí ìlà títí àlàfo á fi kún. Bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ọba á tún un ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà lónìí ní Simancas, ilé olódi kan nítòsí Valladolid tí Carlos ti ní kí wọ́n máa kó ìwé ìjọba pamọ́ sí láti 1540, ẹni tó bá sì ṣí wọn yóò rí ìwé ọwọ́ tó yára, tó rún pọ̀, tó ṣòro kà. Bí àṣẹ bá wá jáde, kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ohun tó ń kọ ni «Yo el Rey», tó túmọ̀ sí Èmi Ọba.

Ìlànà yìí dára ní ti pé kò sí ìjòyè kan tó lè gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́: ìgbìmọ̀ kan ń ṣọ́ èkejì, gbogbo wọn sì ń dúró de gègé rẹ̀. Ibi tó ti burú ni pé ọba tó ń fi ìwé mọ ayé, ohun tí àwọn tó ń gbé ìwé wá bá kọ síbẹ̀ ló mọ̀. Akọ̀wé tó bá ń pinnu ìwé tí yóò wà lókè àti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀, ó ti ń pín nínú ìjọba. Gonzalo Pérez wà ní irú ipò yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Antonio Pérez, ọmọ rẹ̀, tí a óò padà bá láìpẹ́. Mateo Vázquez náà wà níbẹ̀ láti 1573. Ìwé a máa pọ̀, ìpinnu a máa pẹ́, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe ní oṣù yìí lè di oṣù kẹta. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, tí àrùn oríkèé ń dà á láàmú, ìgbìmọ̀ kékeré kan tí àwọn bíi Juan de Idiáquez àti Cristóbal de Moura wà nínú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yẹ ìwé wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òǹkàwé wa lè ti bá gbólóhùn kan pàdé nínú ìtàn àkókò yìí, pé ọba Castilla ní agbára tí kò ní ààlà. Òótọ́ ni pé gbólóhùn tó jọ bẹ́ẹ̀, «poderío real absoluto», wà nínú ìwé àṣẹ Castilla láti ayé àwọn ọba tó ṣáájú Felipe. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra bí a ṣe ń kà á. Ohun tí àwọn amòfin ìgbà náà sábà ń fi gbólóhùn náà sọ ni pé ọba lè gbé òfin tí òun tàbí ọba ìṣáájú ṣe tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìdí tó ṣe gúnmọ́ bá wà. Òfin Ọlọ́run kò sí lára ohun tó lè gbé tì. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba dúkìá oní-dúkìá láìsí ìdí, kò sì gbọdọ̀ ya àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ bá ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò ní yà á lẹ́nu pé àwọn ará Castilla ń pe ọba lẹ́jọ́, ní ìlànà òfin, nínú ilé ẹjọ́ ọba. Ilé ẹjọ́ gíga méjì wà, ọ̀kan ní Valladolid, èkejì ní Granada, agbẹjọ́rò ọba a sì máa dúró níbẹ̀ láti ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ọba bí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹjọ́ tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ṣáájú Felipe, ní ayé bàbá ìyá baba rẹ̀ àti ti baba rẹ̀. Àwọn ọmọ Columbus, tí Sípéènì ń pè ní Colón, pe ìjọba lẹ́jọ́ láti 1508 pé kò mú ìlérí tó ṣe fún baba wọn ṣẹ. Ẹjọ́ náà gùn títí di 1536, nígbà tí àwọn onílàjà pinnu pé kí ọmọ ọmọ rẹ̀ gba oyè, ilẹ̀ àti 10,000 owó wúrà ducado lọ́dọọdún. Ìdílé náà kò rí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè gbà, ọba náà kò sì lè sọ pé kí wọ́n gba ilé wọn lọ lọ́wọ́ òfo.

Owó ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Nígbà tí Felipe gorí oyè, wọ́n ṣí ìwé owó fún un, ó sì rí i pé gbogbo owó tó yẹ kó wọlé ní Castilla títí di 1561 ni baba òun ti fi dúró fún gbèsè. Ní 1557 ó kéde pé òun kò lè san án bí àdéhùn ti wí. Ó tún ṣe irú rẹ̀ ní 1560, ní 1575 àti ní 1596. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí pé ọba yìí kan náà ló ń gba ìdá kan nínú márùn-ún fàdákà tó ń jáde ní Perú àti Mẹ́síkò. Àmọ́ ọkọ̀ fàdákà kì í dé ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún, nígbà tí ọmọ ogun ń jẹun lójoojúmọ́. Àwọn olówó Genoa ló ń fi owó dí àlàfo yẹn: wọn á san owó fún ọmọ ogun ní Nẹ́dálándì lónìí, ọba á sì ṣèlérí fàdákà ọdún tó ń bọ̀ àti owó òde ìlú kan fún wọn, pẹ̀lú èlé tó ga.

Owó òde náà kò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ìlú 18 ní Castilla ló ń rán aṣojú méjì méjì wá sí àpéjọ tí wọ́n ń pè ní Cortes. Ènìyàn 36 péré ni gbogbo wọn. Wọn kò pe àwọn ọ̀tọ̀kùlú àti àwọn àlùfáà síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 1538, ọdún tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú kọ owó orí oúnjẹ tí Carlos fẹ́ gbé kalẹ̀, tí Carlos sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ti sọ pé ènìyàn 36 kò lè dí ọba lọ́wọ́, mo sì gbà pé ọba ní ọ̀nà láti fi ẹ̀bùn àti ipò rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1575 tako ìrònú yẹn. Ní ọdún náà, ọba fẹ́ gbé iye tí àwọn ìlú ń san dípò alcabala, ìyẹn owó orí ọjà tó yẹ kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n bá tà, sókè gidigidi. Àwọn ìlú kọ̀ jálẹ̀. Bí ọjà ti ń dà rú, tí ẹ̀hónú sì ń pọ̀ sí i, ó di dandan fún ọba ní 1577 láti dín iye náà kù. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ tí ó rán sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣègbé ní 1588, ó tún padà lọ bá wọn. Ní 1590 wọ́n gbà láti fún un ní mílíọ̀nù 8 ducado láàárín ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí àdéhùn: ohun tí a ó ná owó náà lé lórí rèé, ohun tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe rèé. Cortes tó bẹ̀rẹ̀ ní 1592 jókòó títí di 1598, ọdún tí ọba kú. Òfin kan kò fún àwọn aṣojú yẹn lágbára láti pa ọba lẹ́nu mọ́. Ohun tí wọ́n ní ni pé àwọn ará ìlú wọn ló mọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, ọba kò sì ní òṣìṣẹ́ tó tó láti gba owó náà láìsí wọn.

Ìyà gbèsè yìí dé ìlú Antwerp ní 1576. Nítorí pé ọba dáwọ́ sísan gbèsè dúró ní 1575, àwọn olówó Genoa kò fi owó ránṣẹ́ sí Nẹ́dálándì mọ́. Ọmọ ogun Sípéènì tó ti lo oṣù lórí oṣù láìgba owó iṣẹ́ ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn ọ̀gágun wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, wọ́n ya wọ Antwerp, ọ̀kan lára ìlú tó lọ́rọ̀ jù ní Yúróòpù; wọ́n dáná sun ilé, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ẹkùn tó ṣì ń ṣe ti ọba dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá a jà, kí wọ́n lè lé ọmọ ogun náà jáde. Felipe kò pàṣẹ pé kí wọ́n ba Antwerp jẹ́. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí òǹkàwé wa rí: ọba tó ń tún àṣìṣe akọ̀wé kọ ní Madrid kò lè dá ọmọ ogun tirẹ̀ dúró ní Antwerp. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1581, àwọn aṣojú àwọn ẹkùn tó ṣọ̀tẹ̀ kéde pé kì í ṣe olórí wọn mọ́. Ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé Ọlọ́run kò dá àwọn ènìyàn nítorí olórí, pé nítorí àwọn ènìyàn ni olórí ṣe wà, àti pé ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ àtayébáyé wọn mọ́lẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di aninilára. Wọ́n rọ Felipe lóyè lórí ìbúra tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ní ti àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jíjìn ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìbúra ń ṣe ní Yúróòpù. Lẹ́tà lè lo oṣù lórí oṣù lójú omi, èsì rẹ̀ á sì tún lo tirẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, òfin Castilla sì ti fi àyè irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1387: bí lẹ́tà ọba bá lòdì sí òfin tàbí sí ẹ̀tọ́ ẹnì kan, kí ẹni tó gbà á bọ̀wọ̀ fún un, kó má sì mú un ṣẹ, títí ọba yóò fi gbọ́ àlàyé. Òṣìṣẹ́ tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á dìde níwájú gbogbo ènìyàn, á fi ẹnu kò ó, á gbé e lé orí ara rẹ̀ bí ẹni gbé adé, á ní òun gbọ́ràn sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní mú un ṣẹ. Nígbà tí Carlos fi òfin tuntun lélẹ̀ ní 1542 láti gba àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì tó ń fi ipá kó wọn ṣiṣẹ́, Blasco Núñez Vela, ajẹ́lẹ̀ Perú, ní dandan ni kí wọ́n mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ. Àwọn ará Sípéènì tó wà níbẹ̀ gbé ogun dìde, wọ́n sì pa á ní 1546. Ní Mẹ́síkò, wọ́n fi òfin náà pamọ́, wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n dúró. Ní 1545 Carlos yí apá tó bí wọn nínú jù padà. Mi ò ní yin èyí. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ààlà agbára ọba já lé níbẹ̀, nítorí àwọn tó dí ọba lọ́wọ́ ni àwọn tó ń jẹ wọ́n run.

Ti ìjọ kò ní gba àkókò púpọ̀. Felipe ń yan bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ní Inquisición lọ́wọ́, síbẹ̀ nígbà tí Inquisición mú Bartolomé Carranza, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Toledo, ní 1559, Póòpù kò gbà kí Sípéènì parí ẹjọ́ náà. Ọba fà á títí, ó sì gbà nígbẹ̀yìn; ní 1567 wọ́n gbé Carranza lọ sí Róòmù, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 1576.

Ọ̀rọ̀ Antonio Pérez ni mo fi pamọ́ di ìkẹyìn, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti rí agbára ọba àti ààlà rẹ̀ pọ̀ lójú kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1578, àwọn kan fi idà pa Juan de Escobedo ní òpópónà Madrid. Akọ̀wé àbúrò ọba ni Escobedo, Pérez ló ṣètò ikú rẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ọba mọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ọba fura pé Pérez ti tan òun jẹ. Wọ́n mú un ní oṣù keje 1579. Ó lo ọdún mọ́kànlá lábẹ́ ìṣọ́, wọ́n sì dá a lóró ní 1590 kí ó lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Juana Coello, ìyàwó rẹ̀, ràn án lọ́wọ́, ó sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gun ẹṣin wọ Aragón, ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

Ààlà Castilla àti Aragón tó kọjá lóru yẹn ni ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Adájọ́ kan wà ní Aragón tí wọ́n ń pè ní Justicia. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù ìfìyàjẹni lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọba lè ké pè é, Justicia á sì gbà á sínú ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, níbi tí ẹnì kan kò ti lè dá a lóró kí ẹjọ́ tó parí. Ọba kò sì lè yọ Justicia nípò bó ṣe wù ú. Felipe ní láti pe akọ̀wé rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́ ní Zaragoza, olú-ìlú Aragón, bí ẹni pe aládùúgbò lẹ́jọ́. Pérez bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ìwé ọwọ́ ọba tó kó dání hàn fún adájọ́, ìyẹn àwọn ìwé tí mo ti ṣàpèjúwe lókè. Ọba sì fa ọwọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ó wá dán ọ̀nà mìíràn wò. Inquisición nìkan ni ilé ẹjọ́ ọba tí àṣẹ rẹ̀ kan Castilla àti Aragón bákan náà, nítorí náà wọ́n fẹ̀sùn kan Pérez pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Inquisición ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1591, àwọn ará Zaragoza tú jáde, wọ́n lu aṣojú ọba tó wà níbẹ̀ títí tó fi kú lẹ́yìn náà, wọ́n sì gba Pérez padà. Wọ́n tún gbìyànjú láti gbé e ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará ìlú tún dìde, Pérez sì bọ́. Faransé ló sá lọ nígbẹ̀yìn, ó sì kú sí Paris ní 1611.

Ọmọ ogun Castilla wọ Zaragoza ní oṣù kọkànlá 1591. Juan de Lanuza, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò Justicia lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, ti kéde pé ó lòdì sí òfin Aragón kí ọmọ ogun àjèjì wọ ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ìta gbangba, láìgbọ́ ẹjọ́ kankan. Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá ka ibẹ̀, nítorí pé ohun tí ipò rẹ̀ ní kó ṣe ni ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò sí ohun tó lè dá Felipe dúró lè fi ikú yìí ṣe ẹ̀rí, mi ò sì ní jà á níyàn pé òfin ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá wo ohun tí ọba fi ìṣẹ́gun náà ṣe. Kò pa òfin Aragón rẹ́, kò sì sọ Aragón di apá kan Castilla, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ogun rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹnì kan kò sì lè dí i lọ́wọ́. Ó pe Cortes Aragón jọ ní ìlú Tarazona ní 1592, ó sì gba ohun díẹ̀ lọ́wọ́ wọn: láti ìgbà náà lọ, ọba lè yọ Justicia nípò, kò sì ní pọn dandan mọ́ kí ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè pinnu ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Èyí tó kù lára òfin wọn wà bó ti wà. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Felipe fúnra rẹ̀, ẹni ọdún 65 tí àrùn oríkèé ti sọ di aláìlera, rin ìrìn àjò gba inú òtútù lọ sí Tarazona. Ó jókòó níwájú àwọn aṣojú Aragón, kí wọ́n lè búra fún ọmọ rẹ̀ pé òun ni yóò jọba lẹ́yìn baba rẹ̀.